Ohùn Màámi Tí Kì Í Ṣe Màámi

Màámi ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ wa ní Festac lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi sì ń bínú sí iná tí wọ́n tún mú lọ, nígbà tí ìyàwó kan láti Kuje tó wà nítòsí wa kan géètì. Sójà ni ọkọ rẹ̀, sójà sì ni àbúrò mi ọkùnrin náà. Àwọn méjèèjì jọ wà ní àgọ́ kan náà lójú ogun, lókè Àríwá lọ́hùn-ún. Ìyàwó náà ò tiẹ̀ jókòó.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara Mọ́mì le?"

"O ò rí wọn ni? Ṣé òkú ló ń ṣa ẹ̀wà yẹn ni?"

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ní ọkọ òun jáde wá sí ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn, ibẹ̀ ló ti rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó fi fi ohun tó wọ fóònù àbúrò mi ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Màámi ló jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ki àbúrò mi ní oríkì rẹ̀, wọ́n wá ní, "Gbé ìbọn sílẹ̀. Gba apá ìwọ̀ oòrùn jáde. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi."

Mo wo Màámi. Ẹnu wọn pa dé. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ àkùkọ aládùúgbò wa lẹ́yìn ohùn náà, èyí tó máa ń kọ bíi pé nǹkan há a lọ́fun.

"Tún un tẹ̀," ni Màámi wí. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. "Èmi nìyẹn."

"Màámi, ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni."

Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Màámi máa ń gba àdúrà sórí WhatsApp fún ọmọ wọn. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fi wọ́n sínú gúrúùpù àwọn ìyá sójà. Ẹni tó ni gúrúùpù náà ní ìyàwó ọ̀gá sójà lòun. Ó ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan máa fi àdúrà tirẹ̀ síbẹ̀, kó ki ọmọ rẹ̀ dáadáa, kí àdúrà lè wọ ọmọ lára. Àwọn ìyá ń sunkún síbẹ̀, wọ́n ń kígbe "máa bọ̀ nílé, ọmọ mi". Wọ́n ti kó gbogbo ohùn tán fún un, ohun tí ẹ̀rọ máa fi sín wọn jẹ.

"Ta ló rí ìyàwó ọ̀gá yìí sójú rí?" ni mo bi Màámi. Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan.

Inú bí mi. Mo pe nọ́ńbà ẹni tó ni gúrúùpù náà. Ẹnì kan gbé e, kò sọ̀rọ̀. Mo bú u, mo ṣépè, mo sọ ohun tí ẹnu ọmọ Kristẹni ò yẹ kó sọ. Mo ti sọ púpọ̀ kó tó yé mi pé ńṣe ni onítọ̀hún kàn ń gbọ́ mi, ó ń gba ohùn tèmi náà sílẹ̀. Mo yáa gé e.

Ìyàwó yẹn wá ṣàlàyé ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Àwọn tí wọ́n ń bá jà ní ẹ̀rọ kan tó ń pa gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àgọ́. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti kú tán, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kékeré tiwọn wá sítòsí, fóònù àwọn sójà á sì lẹ̀ mọ́ ọn bíi pé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni. Kò sóhun tó lè jáde. Ohun tí àwọn yẹn bá fẹ́ nìkan ló ń wọlé. Bí ìyá ṣe ń pe ọmọ nínú fóònù tí kò ṣeé pe ẹnikẹ́ni nìyẹn. Sójà kan ti tẹ̀ lé ohùn ìyá tirẹ̀ jáde. Wọn ò tíì rí i.

A pe àbúrò mi títí, kò wọlé. Màámi ò jẹun. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé ara wọn, bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn wíńdò tó fẹ́ gbé ohùn wọn lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Àbúrò mi wá pè láti ìlú ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a ò mọ̀. Màámi já fóònù gbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó fi ìbéèrè dán wọn wò, ó ní, "Kí ló dá àpá sí mi lẹ́sẹ̀?"

"Omi gbígbóná ni, ọmọ mi!"

Ẹ gbà mí o! Èmi ni omi gbígbóná jó. Ọgbẹ́ gbogbo wa ti dà pọ̀ mọ́ra lórí Màámi. Ó gé fóònù.

Mo pè é padà. Ó gbé e. N ò kí i. "Olórí kunkun! Kẹ̀kẹ́ tí mo ní o ò gbọdọ̀ gùn lo gùn tó o fi ṣubú sí kánààlì tó o sì fẹsẹ̀ gbọgbẹ́, èmi ni mo fà ẹ́ jáde, o tún délé, o ní èmi ni mo tì ẹ́! Ìyá ẹ lo wá ń gé fóònù mọ́ létí?"

Mo gbọ́ tó bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìyẹn."

Ó ní lọ́jọ́ tí ohùn yẹn dé, òun ti gbé ìbọn sílẹ̀. Òun ti dé ìdí wáyà tó yí àgọ́ ká. Òun ń gbọ́ Màámi létí bí òun ṣe ń lọ, òun sì ṣe "Àmín". Àmọ́ ohùn náà ò dúró gba Àmín. Kò sẹ́ni tó bá Màámi gbàdúrà rí tí ò mọ̀ pé wọn kì í kọjá ibi tí o ò bá ti ṣe Àmín. Kódà nínú fóònù, wọ́n á dúró dè ọ́. Èyí ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ òun ti kọ̀.

Wọ́n fún un ní ìsinmi lẹ́yìn náà, ó wá sílé. Ó ti rù. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí Màámi fi ní ká kúnlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un, wọ́n sì dúró. Èmi nìkan ni mo ṣe Àmín. Wọ́n tún un sọ, wọ́n tún dúró. Mo la ojú mi láti fi ìgbúnwọ́ gún un.

Ojú tirẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ẹnu Màámi ló ń wò, bóyá ibẹ̀ ni ohùn náà ti ń jáde.