Ọmọ Odó àti Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Mi

Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ìjàpá, títí di òní, àyà mi á já, itọ́ á sì kún mi lẹ́nu. Ó máa ń bí mi nínú. Àgbà bíi tèmi, kí ẹ́ńjìnì lásán máa tì mí kiri!

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba ní Lọ́kọ́jà, ló fà á. Sáilẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀ ti bẹ́, a ti ń gbọ́ ọ kó tó wọ Gadumo, àdúgbò wa. Àwa ọmọ á sáré mú ìwé, ìyá mi á da iṣu sódó. Bí ọkọ̀ bá fi máa wúkọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, kí bàbá mi tó pa á, iyán ti wà nínú abọ́, ó ń rú èéfín. Bàbá mi kì í jẹ iyán tútù.

Mo wà ní ìwé kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, tó di aṣọ sínú báàgì, tó kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Otokiti. Iwájú ilé wa náà ló ń gbà kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, ìró yẹn á dé, ìyá mi á fò dìde, á gún iyán kíkankíkan. Ọkọ̀ á kọjá lọ. Àwa la ó jẹ ẹ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní yà."

"Mo mọ̀. Apá mi ni kò tíì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Èyí tó burú jù ni pé ọkàn tèmi náà ń sáré bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọmọ odó, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kí apá wá gún iyán náà!

Ọkọ̀ dé lírọ̀lẹ́. Ìyá mi wá ọmọ odó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wá a dé ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹjú mọ́ ìwé mi, mò ń retí kí ìró náà jìnnà lọ. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà wa, ó dákẹ́.

Bàbá mi wọlé. Báàgì aṣọ tó gbé lọ ló tún gbé bọ̀.

"Okun o," ló fi kí wa, bí àwa ará Okun ti ń kíra wa. A kúnlẹ̀. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ nídìí tábìlì, ó wo orí tábìlì tó ṣófo.

"Ẹ ò gbọ́ ọkọ̀ mi ni?"

"A gbọ́," ìyá mi dáhùn. "A ò rí ọmọ odó ni."

"Ọmọ odó? Nínú ilé yìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ní tiwa, obìnrin tí kò dáná de ọkọ rẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀: kò fẹ́ ẹ mọ́. "Ó ti yé mi."

Ó yẹ kí n la ẹnu. Mi ò là á.

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Bó ti sítáàtì ọkọ̀, ìyá mi dìde, ó tún nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọmọ odó máa ń wà.