Òkúta tí Alàgbà Akínfẹ́nwá Gbé Bọ̀ láti Mexico

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi Alàgbà Adéwọlé Akínfẹ́nwá ta ìjọ wa lọ́rẹ ní Elekahia, tí ó sì pa á mọ́ di ẹni àádọ́rin ọdún láìjẹ́ kí ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní bí mo bá ń kọ ìtàn òun, kí n má ṣe fo ọ̀rọ̀ òkúta.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo ní Port Harcourt. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ igi àti irin tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò gùn wò kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ lé e. Bí ó bá lọ kí ènìyàn nílé, yóò kọ́kọ́ mi àga kí ó tó jókòó. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tọ́pẹ́, sọ pé ó mi pẹpẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò mì wò kí ó tó gbà á gbọ́. Ní ọdún 2009, Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí i, ìtàn àwọn Maya àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ìlú olókùúta sínú igbó ní ìhà Mexico. Ilé gíga kan wà nínú rẹ̀ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ojú ọ̀run. Alàgbà wò ó títí Ìyá Tọ́pẹ́ fi gbé fíìmù náà pamọ́ sínú àpò gàrí.

Òun ni olùkọ́ wa ní kíláàsì Bíbélì. Nígbà tí a dé Mátíù orí keje, níbi ọlọ́gbọ́n tí ó kọ́ ilé rẹ̀ sórí àpáta, ó ní, “Ẹ wo ilé àwọn Maya nínú fíìmù yẹn. Láti ayébáyé, kò yẹ̀!”

Dúpẹ́olúwa, káfíńtà kan láti Mgbuoba, nawọ́ sókè. “Bàbá, ẹ má bínú o. That thing na plank. Mo rí ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó.”

“O ti débẹ̀ rí?”

“Rárá, sà.”

“Ìwọ tí ò ń kan ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni o fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń wo òkúta? Jókòó!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kí Olúwa dárí jì wá. Dúpẹ́olúwa jókòó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, àga rẹ̀ ṣófo. Ọdún méjì ni ó fi ṣófo.

Ìyá Tọ́pẹ́ kò dákẹ́. “Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ ti lé àgùntàn jáde nítorí fíìmù.”

“Màá fojú ara mi rí òkúta náà,” ni èsì rẹ̀, “màá sì mú díẹ̀ wá fún un.”

Ní ọdún 2011 ó lọ kí Tọ́pẹ́ ní Houston, ọmọ náà sì mú un dé Mexico, sí ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Oko ìrèké ni wọ́n bá. Bàbá arúgbó kan jáde sí wọn, Alàgbà sì dá ojú rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ó ti rí i nínú fíìmù, lókè àtẹ̀gùn náà, pẹ̀lú ìyẹ́ lórí.

“Tọ́pẹ́, ọba ni!” Kí ọmọ tó dì í mú, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé ìrèké. “Kábíyèsí o!”

Bàbá náà figbe ta, ó rò pé oòrùn ti pa àlejò. Ìyàwó rẹ̀ gbé korobá omi sáré dé, ó sì dà á lé Alàgbà lórí. Alàgbà rò pé àṣà ààfin ni. Ó ní, “Mo dúpẹ́, Kábíyèsí.”

Tọ́pẹ́, tí ó gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ni ó tú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá kì í ṣe ọba, káfíńtà ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kan ilé gíga náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ìyẹ́ sí i lórí kí ó lè dúró lẹ́yìn ọba. Nígbà tí wọ́n tú ilé náà ká, ó kó nínú pákó rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi kọ́ ilé adìẹ. Àgbébọ̀ kan sàba lé ẹyin lábẹ́ imú ère Maya kan. Alàgbà fọwọ́ kan ògiri náà, ó mì í, ògiri sì mì.

Ó fi ọ̀rọ̀ Sáàmù sọ pé, “Nítòótọ́, ológoṣẹ́ rí ilé.” Tọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Dádì, òkúta gidi tí àwọn Maya kọ́ wà ní ìlú mìíràn. Ẹ jẹ́ ká lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀ ní PH?”

Alàgbà wo àgbébọ̀ náà, òun náà ń wò ó. “Ọlọ́run mọ̀,” ni ó wí. “Adìẹ yìí pàápàá mọ̀.” Ó bá bẹ̀bẹ̀ fún pákó kan tí wọ́n kùn ní ojú kan bí òkúta.

Nígbà tí ó dé pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, kọ́sítọ́ọ̀mù kan bi í pé, “Baba, why you carry stone come?” Kọ́sítọ́ọ̀mù náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e tagbára-tagbára, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ ló kù kí ó fi gbá ara rẹ̀ níwájú orí.

Ní ọjọ́ kejì, Alàgbà gba Mgbuoba lọ. Ó yí pákó náà padà: òkúta níwájú, igi àti ìṣó lẹ́yìn. Dúpẹ́olúwa dọ̀bálẹ̀ kí i.

“Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ti dọ̀bálẹ̀ tèmi ní Mexico, wọ́n sì da omi lé mi lórí. Dárí jì mí.”

“Bàbá, I don talk am!” Dúpẹ́olúwa ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. “Ẹ wo ojú ìṣó!”

Ní ọjọ́ ìsinmi, Dúpẹ́olúwa ni Alàgbà ní kí ó kọ́ wa ní Mátíù orí keje. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí àga tí ó ti ṣófo fún ọdún méjì. Ó mì í dáadáa, ó sì jókòó.

Kí Olúwa, Àpáta tí kì í yẹ̀, gbé ilé Akínfẹ́nwá ró. Kí ó fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà bá Alàgbà àti Ìyá Tọ́pẹ́ gbé, kí ó ṣọ́ Tọ́pẹ́ ní àjò, kí àga kankan má sì ṣe ṣófo nídìí tábìlì wọn. Àmín.