Abọ́ Kan Lójúmọ́

Nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣì ń ṣàn wọ oko wa, kí ẹ̀rọ tó dé tí ó fà á gbẹ, abọ́ bàbà kan ni gbogbo abúlé fi ń mọ àkókò. Abọ́ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ihò tín-ín-rín kan sì wà ní ìdí rẹ̀. A óò gbé e léfòó nínú ìkòkò amọ̀ ńlá, omi a máa gba ihò náà wọlé títí abọ́ yóò fi rì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ a ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì tún gbé e léfòó. Bí oko kan bá ní abọ́ méjìlá, omi a wà níbẹ̀ títí òkúta yóò fi pé méjìlá. Lẹ́yìn náà ó di oko ẹlòmíràn, ó sì di ọjọ́ kejìlá kí ó tó padà.

Àwọn méjì ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nídìí abọ́ náà. Ọ̀kan ni Kàrìbálà Hédárì, àgbàlagbà tí ó ti dé ìlú mímọ́ Kàrìbálà, tí a sì ń fi orúkọ ìlú náà dá a lọ́lá. Èkejì ni Barátì. Barátì kò tíì dé ibì kankan, nítorí náà Barátì Ọdún-Tó-Ń-Bọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ láìmọ̀. Ní gbogbo ọdún tuntun, nígbà tí igi bá ń rúwé, Barátì a jókòó ní ilé ìwẹ̀ abúlé, a sì kéde: lọ́dún yìí òun yóò mọ ògiri ọgbà òun parí, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú mímọ́ Máṣádì, òun yóò jáwọ́ nínú tábà. Títí àlìkámà yóò fi gbó, ògiri kò ní kọjá orókún. Bí wọ́n bá bi í, a ní kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ó ṣọ́ àkókò ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, Ṣarábánù, lọ sílé ọkọ ní Máṣádì. Oṣù méjì-méjì ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé. Barátì kò mọ̀wé, Gólándàmù ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, Àáfáà Yakúbù ni ó ń kà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo aládùúgbò ń gbọ́. Lẹ́tà náà kì í yàtọ̀: ó kí bàbá, ó kí ìyá, ara òun le, kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Èsì náà kì í yàtọ̀. Ikọ́ tí ó ti ń yọ Barátì lẹ́nu láti ìgbà òtútù, ó ní kí Àáfáà má kọ ọ́ sínú rẹ̀. Ara àwọn le ni kí ó kọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ka òkúta kì í ṣi nǹkan kà. Ní ọjọ́ kan, Barátì rí i pé ojú Àáfáà gba orí ìlà mẹ́rin kọjá, ẹnu rẹ̀ sì ka mẹ́ta. Kò bi í léèrè níwájú èrò. Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi í sí àyà. Kí ni ọmọ òun kọ tí a kò lè kà sétí òun? Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọdún yípo, ó kéde ní ilé ìwẹ̀ pé kí ìkórè tó dé, òun yóò mọ̀wé kà. Kàrìbálà Hédárì bu omi lé ara rẹ̀ lórí, ó ní, "Barátì, èwo nínú àwọn ọdún tó ń bọ̀ lo ń sọ yìí?"

Àáfáà kọ ábídí méjìlélọ́gbọ̀n sí ojú pátákó fún un. Barátì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń kà á lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì gbé e dé ìdí abọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, níbi tí ó ti ń fi ìka tọ ẹ̀yìn ábídí kan tí àmì mẹ́ta wà lórí rẹ̀, abọ́ rì, ó sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sì sí òkúta tí ó kà á. Omi tí ó yẹ kó ti dé oko Hédárì ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oko ẹlòmíràn. Bàbá náà rìn wá, ó wo inú ìkòkò, ó wo Barátì.

"Abọ́ rì, ìwọ náà rì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ yọ?"

Àwọn àgbà ní kí Barátì yọ abọ́ mẹ́ta fún un nínú omi ọgbà tirẹ̀. Èyí kò dùn ún tó pé àkókò ẹlòmíràn ṣègbé lọ́wọ́ òun. Ó fi pátákó há àjà, ó sì sọ fún Gólándàmù pé kò burú, ó di ọdún…

Gólándàmù kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Àlìkámà ni ó ń ṣà nínú atẹ, kò sì gbójú sókè. "Bàbá Ṣarábánù, ta ló ni abọ́ méjìlá?"

Ó ní Hédárì ni.

"Tiyín dà? Ẹ ń ka àkókò fún gbogbo abúlé, ẹ ò ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ìwé yín. Èyí tí ẹ fi ń kàwé, ti olóko ni. Ẹ jí i ni."

Barátì ní bí òun bá wá kà á láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi òun ńkọ́? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ tó bá mu omi ọjọ́ méjìlá lọ́jọ́ kan, ṣé àlìkámà ló máa hù níbẹ̀ ni àbí ọ̀pọ̀lọ́?"

Ó dìde, ó mú abọ́ bàbà tí ó gbé wá sílé ọkọ jáde. Barátì fi ìṣó lu ìdí rẹ̀, ó sì fi í wé ti abúlé títí méjèèjì fi ń rì pọ̀. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ó tó mu tíì, Gólándàmù a gbé abọ́ léfòó, ọkọ rẹ̀ a sì gbé pátákó síwájú. Bí abọ́ bá rì, ó parí. Bí Barátì bá wà láàárín ọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ a ti gba pátákó. Bí òtútù bá sọ omi inú ìkòkò di yìnyín, obìnrin náà a fọ́ ọ. Bí àlejò bá dé, àlejò a dúró. Òkúta kan lójúmọ́ ni ó ń bọ́ sínú àpò awọ. Ọjọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀, kò sí òkúta, wọn kò sì fi méjì dí i lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni Àáfáà ń tún ti ọ̀sẹ̀ ṣe. Ọdún tuntun dé, Barátì lọ sí ilé ìwẹ̀, kò kéde nǹkan kan. Hédárì rò pé ara rẹ̀ kò yá ni.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́. Nígbà tí òkúta lé ní irinwó, Barátì ní kí Gólándàmù má gbé pátákó wá. Lẹ́tà àtijọ́ yẹn ni ó yọ. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣòro, etí rẹ̀ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ó ti kan ìkẹrin, abọ́ rì. Gólándàmù na ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà ni ó mú. Abọ́ ni ó tún gbé léfòó, ọkọ rẹ̀ sì ka ìlà náà:

"Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìlà yìí sókè. Ẹ bá mi wo Bàbá mi dáadáa, ṣé lóòótọ́ ni ara wọn le? Ikọ́ wọn ni mo máa ń gbọ́ lójú àlá."

Gólándàmù fi etí ìbòrí nu ojú, ó ní, "Irọ́ kan náà la jọ ń pa fún ara wa."

Barátì lọ bá Àáfáà. Àáfáà ní òun ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti béèrè pátákó. Ó ní láti ọjọ́ náà gan-an ni òun ti ń fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo èsì: Bàbá rẹ ń kọ́ ìwé, dúró dè é.

Òwúrọ̀ mẹ́sàn-án ni Barátì fi kọ lẹ́tà tirẹ̀. "Ṣarábánù, èmi Bàbá rẹ ni mo kọ èyí. Ara mi kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ń wúkọ́. Mo ti dín tábà kù. Èmi nìkan ni n ó máa ka tìrẹ. Ìwọ ńkọ́?"

Ojú ìwé méje ni èsì náà. Ṣarábánù kọ pé omi ẹ̀rọ Máṣádì ń rùn bí irin. Ìyá ọkọ òun ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí ṣúgà. Ibẹ̀ ni abọ́ rì sí ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un gbé léfòó," ni Gólándàmù wí.

Barátì ká lẹ́tà náà, ó ju òkúta sínú àpò. "Ìyá Ṣarábánù, ilẹ̀ tó bá mu omi ọjọ́ méjìlá…"

Òwúrọ̀ mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi kà á. Lónìí, abọ́ Gólándàmù wà lórí pẹpẹ ní ilé Ṣarábánù, àjàrà gbígbẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò dí ihò náà.