Apá Ọ̀tún Mọ́tà

Bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé ní Igbodigo pé ṣọ́jà ni mí tẹ́lẹ̀, ìbọn tí à ń gbé kọ́ èjìká ni wọ́n máa ń rò. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Mọ́tà ni iṣẹ́ tèmi. Páìpù irin kan ni, kò ga ju ìbàdí mi lọ, ẹnu rẹ̀ ń wo òkè. A ó ki bọ́ǹbù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bọ́ǹbù á fò gba orí igi kọjá, á sì lọ balẹ̀ síbi tí ojú wa kò tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí etí mi òsì di. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó gba apá ọ̀tún wá, kó má sì pariwo mọ́ mi, mi ò tíì darúgbó.

Àwa méjì la máa ń wà nídìí rẹ̀. Ọmọ Iyansan ni ẹnìkejì mi. Òkè Ọya la ti pàdé, nínú bárékè tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ọ tó ń bú irin kan tó já lù ú lẹ́sẹ̀, èdè Ìkálẹ̀ gidi ló fi ń bú u. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ni mo bú sí níbi tí òun ti ń jẹ̀rora. Ló bá yí èébú náà sí mi. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í ya ara wa.

Ọ̀nà méjì la fi ń yìn mọ́tà náà. Ọ̀kan ni ti ẹlẹ́sẹ̀. A ó fi irin pẹlẹbẹ ńlá kan sábẹ́ páìpù, a ó na ẹsẹ̀ irin méjì síwájú rẹ̀, òun á sì dúró fúnra rẹ̀. Bọ́ǹbù tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá ti kan ìsàlẹ̀ ló ń jáde. Èkejì ni ti ọwọ́. Èyí kò ní ẹsẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ kò ju àwo ìjẹun lọ, ọwọ́ ènìyàn ló ń dì í mú. Bọ́ǹbù á wọlé, á sì dúró síbẹ̀ títí ẹni tó di páìpù mú á fi fa irin kékeré tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n ní ẹnì kan lè dá ti ọwọ́ ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bọ́ǹbù mìíràn ni ojú rẹ̀ ń kúrò níwájú. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń ṣe é ní méjì méjì. Ọ̀rẹ́ mi á kúnlẹ̀ sẹ́yìn páìpù, èmi á kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún, màá máa ki bọ́ǹbù, màá sì máa bá a wo iwájú. Èmi náà ni mo ń ru irin pẹlẹbẹ ńlá yẹn káàkiri, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí a ò ní lò ó. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Tí mo bá ń ráhùn, ọ̀rẹ́ mi á ní kí n sinmi díẹ̀, kí n fi irin náà dín dòdò.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kú, ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Wọn kò rí ẹni fi rọ́pò mi. Ó gbé páìpù àti irin abẹ́ rẹ̀ kékeré, ó fi irin ńlá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó bá àwọn ṣọ́jà yòókù jáde. Kò padà wá.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà nítorí etí yìí, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ kí ìyá rẹ̀. Mo ń fònídónìí, fọ̀ladọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí, kò sí ohun méjì. Nígbà tó yá, mo gun ọ̀kadà ní ọjọ́ Sátidé kan, a gba Okitipupa, a gba Ìrẹ̀lẹ̀ kọjá. Orí ọ̀kadà ni mo ti to irọ́ mi dáadáa: màá ní mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá ní kò jẹ̀rora rárá. Mo rò pé ìyá náà ni mo fẹ́ ṣàánú.

Ìyá náà wà nídìí iná, ó ń yí ìṣù pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí à ń fi èéfín yan, lórí àjà tó wà lókè iná, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ rèé, onírin dòdò! Ọma mi a máa fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù.”

Ó bu omi fún mi. Ó ní àwọn ọ̀gá wa ti wá, wọ́n ní akọni lọmọ òun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Ohun kan ṣoṣo tí òun bi wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń yí i po. Ó wá bi èmi náà.

“Ṣé òun nìkan ló wà ńbẹ̀?”

“Rárá, Iye. Èmi wà níbẹ̀.”

Kò sunkún, kò sì dúpẹ́. Ó fa ọparun kan yọ lára igi ìdáná, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Uṣẹ́ yín ọ̀hún, fi hàn mí kí n rí i.”

Mo fi igi méjì ṣe ẹsẹ̀ fún ọparun náà, mo ṣàlàyé ti ẹlẹ́sẹ̀ fún un. Ó mi orí. Mo yọ igi méjèèjì kúrò, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ di ọparun mú, mo ṣàlàyé ti ọwọ́.

“Èwo lẹ ṣe lọ́jọ́ náà?”

“Ti ọwọ́ ni.” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú.

Ó wo ọwọ́ mi lára ọparun, ó tún wo ilẹ̀ yí mi ká.

“Irin dòdò ńkọ́? Ọma mi ní kò sọ́jọ́ tí o kì í rù ú. Bí o bá wà ńbẹ̀, ibo lo gbé e sí?”

Irọ́ tí mo tò kò dé ibẹ̀ yẹn. Mo bú sẹ́kún. Mo wá sọ òtítọ́ fún un lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà: ibà, ọsibítù, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ó dùn mí pé mi ò sí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní.

Pupuru tó wà lápá kan àjà ti ń jó, kò yí i.

“Ó já sí pé òun nìkan ló wà ńbẹ̀,” ló wí.

Mo fẹ́ dìde, ó ní kí n má dìde, kí n má sì fi ọparun sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró, ó tún ìró náà so, ó kúrò nídìí iná. Ó kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún mi, ó sún mọ́ mi dáadáa, ó sì nawọ́ sí ẹnu ọparun náà bí ẹni tó fẹ́ ki bọ́ǹbù.

“Máa wo iwájú, ọma mi,” ló wí sí mi létí. “Mo wà ńbí.”