Orúkọ Tí Wọ́n Pè Lẹ́nu Géètì

Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, kò sí ilé kan ní ìlú Surabaya tí kì í di ẹní, di ìrẹsì inú imọ̀ àgbọn, kó ọmọ, ó di ọgbà ẹranko. Wartini náà lọ. Ọ̀la ni yóò padà sí Malaysia, níbi tó ti ń fọṣọ, tó ń tọ́mọ ọlọ́mọ láti ọdún márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ kó tó lọ: kí Laras, ọmọ ọdún mẹ́fà tó bí, pe òun ní ìyá lẹ́ẹ̀kan péré.

Laras ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ti ìyá rẹ̀, àwọn àgbà sì ní irú ìyá àtọmọ bẹ́ẹ̀ kì í jọ wà kí ikú má mú ọ̀kan. Ni wọ́n bá gbé ọmọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, wọ́n fi ìgbálẹ̀ tì í, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ nù, kí ikú má bàa mọ̀ pé ọmọ Wartini ni. Sumirah, ẹ̀gbọ́n Wartini, ń kọjá lọ, ó ní òun rí ọmọ he. Láti ọjọ́ náà Sumirah di ìyá, Wartini di àǹtí. Nílé ẹlòmíràn, orúkọ lásán ló máa ń yí, ìyá ọmọ náà ni yóò ṣì máa tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Wartini rìnrìn àjò. Bí eré bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù.

Nínú ilé ẹja ọgbà náà, Endah, ọmọ Sumirah tó bá wọn wá, lọ ra yìnyín dídùn. Wartini àti Laras dúró síwájú gíláàsì.

"Àǹtí, ẹ wo èyí! Ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Àfi bíi Endah!"

Wartini rẹ́rìn-ín, ó lóṣòó, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Laras, pè mí ní ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Ojú Laras yí padà. "Màmá àgbà ní tí mo bá pè yín bẹ́ẹ̀, màá kú."

"O ò ní kú. Èmi ni mo bí ẹ."

"Irọ́ ni! Ìyá mi wà nílé!"

Ó já ọwọ́ gbà, ó sá wọ àárín èrò.

Wartini àti Endah wá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ, wọ́n wá a dé ọ̀dọ̀ erin. Bàtà Wartini já, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Àyà rẹ̀ ń já pé òun ti fi ẹnu ara òun pa ọmọ. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọgbà náà sọ̀rọ̀:

"Sumirah, ìyá Laras, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa lẹ́nu géètì. Sumirah, ìyá Laras o!"

Inú Wartini dùn, orúkọ náà sì dùn ún wọ eegun. Ó sáré lọ.

"Ṣé ẹ̀yin ni Sumirah, ìyá ọmọ yìí?" ọkùnrin ẹnu géètì bi í.

Laras ti dáhùn. "Rárá o, àǹtí mi nìyẹn."

"Ẹ má bínú o, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tá a fa ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ yín síbí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ́ sí i."

Wartini mú bírò. Ìwé ìbí ọmọ náà, tó pe Wartini ní ìyá, wà nínú báàgì rẹ̀. Òtítọ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Laras ń wo ẹnu bírò náà bí ọmọ tó ń dúró de abẹ́rẹ́.

Wartini kọ ọ́ pé àǹtí.

Laras mí kanlẹ̀, ó wá fúnra rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, mi ò ní kú mọ́, àbí?"

"O ò ní kú, ọmọ Sumirah," ni Wartini wí.