Àga Tí Jíjókòó Kàn

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí. Àga ló ń kàn. Èyí tó ń mì síwá-sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ èbúté ló mọ̀ ọ́n kàn jù, kò sì jókòó sí ìkankan nínú wọn rí. Àpótí ni tirẹ̀.

Àwọn àjòjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni oníbàárà rẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé wọn wá, orí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó tún di ẹrù wọn. Nígbà kan, wọ́n máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò yà mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ polówó ọjà fún àwọn àjòjì wọ̀nyí lórí fóònù, ya àwòrán àga, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i nídìí. Àwọn kan wá. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, a ò rí wọn mọ́.

Ọ̀rá ni ọmọ náà dá lẹ́bi. Gbogbo àga tí Alága bá ti kàn tán ló ń fi ọ̀rá wé, láti orí tìmùtìmù dé apá, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ìdí ẹnikẹ́ni ò kàn án rí. Béèyàn bá wá jókòó sí i, á máa dún pàrà-pàrà bí ẹni tó ń tẹ ewé gbígbẹ. Ọmọ ní kó bọ́ ọ. Bàbá ní ta ní ń ṣí ìkòkò fún eṣinṣin kó tó ṣí i fún àlejò.

Nígbà tí ọjà wá kú pátápátá, bàbá àtọmọ jọ fi àdéhùn sí i. Obìnrin àjòjì kan wà tó máa ń to ilé sílẹ̀ de àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ń kó bọ̀. Bí obìnrin náà bá wá wo àga tí kò rà, Alága á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á kó lọ sílé ọmọ rẹ̀, á lọ máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ó gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sùn, àga ló ń rí, tí wọ́n ń mì láìsí èèyàn lórí wọn.

Obìnrin náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn rọ̀. Ó jókòó sí àga àkọ́kọ́. Pàrà-pàrà. Ó bọ́ sí èkejì. Pàrà-pàrà. Ó ní ó dára, ọmọ sì túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá. Alága mọ irú "ó dára" bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò tíì lọ. Ó ń wo ojú fèrèsé lẹ́yìn. Àga kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rá lára, ti ìyàwó Alága tó ti dolóògbé, níbi tó máa ń jókòó sí rán bọ́tìnnì. Apá àga náà ń dán níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbé. Obìnrin náà ò bèèrè, ó kàn lọ jókòó. Àga gbé e lọ, ó gbé e bọ̀. Ojú rẹ̀ pa dé. Ìyẹ̀fun pákó ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn. Fún ìgbà díẹ̀, Alága ò mọ obìnrin wo ló wà lórí àga mọ́. Díẹ̀ ló kù kó bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tó jí, ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ìyá òun ní irú àga yìí, nínú ilé kan tí wọ́n ti tà. Ó ní èyí gan-an lòun fẹ́ rà.

Ọmọ wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ rò ó dáadáa o."

"Sọ fún un pé ìyẹn lẹ́ni tó ni ín."

"Ṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

Alága mú ọ̀bẹ, ó la ọ̀rá ara àga iwájú láti òkè délẹ̀. Ó ká a, ó fi há abíyá bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa jù ú sí. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Àga fà á sẹ́yìn, ó dá a padà. Ó wò yí ká bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

"Lónìí gan-an ni Alága gorí oyè," ni ọmọ wí, tó ti ń ya ọ̀rá ara àga kejì.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Sọ fún un pé mi ò lè kan irú ti ìyá ẹ. Jíjókòó ló kan ìyẹn. Bí àwọn èèyàn ẹ̀ bá ń jókòó, tiwọn náà á dà bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rọra túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wá jókòó sí àga kejì. Àwọn méjèèjì ń mì, kálukú lọ́tọ̀, títí tí àga méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì nínú wọn. Obìnrin náà sọ nǹkan kan láìlajú.

"Ó ní òun fẹ́ mẹ́fà," ni ọmọ wí. "Ó ní kẹ́ ẹ má fi ọ̀rá wé wọn."

"O ti kọ́ òun náà."

"Àga ló kọ́ ọ, Bàbá."

Alága ń mì. Ó ń ro pákó tó wà nílẹ̀, kò lè tó mẹ́fà. Nígbà tó ṣe, ó rọra dìde kí àga má baà dún, ó fọwọ́ kan apá àga ojú fèrèsé, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ wá igi.