Ibòòji Kúrò Lórí Agbọ̀n

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé fóònù sí ẹnu agbọ̀n láàárọ̀ kùtù, kí obìnrin kan tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gbọ́ ohùn òròmọdìẹ mẹ́sàn-án tó wà ní Sókótó. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ni ilé tí mo háyà yàrá kan nínú rẹ̀ ní Runjin Sambo. Kì í bèèrè àlàáfíà mi títí tó fi máa gbọ́ wọn. "Gbé e sún mọ́ wọn dáadáa. Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn ọmọ mi rèé." Lẹ́yìn náà ló máa wá rántí mi: "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?" Ohùn kéékèèké yẹn náà ló padà tú mi fó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sókótó nígbà náà, akọ̀ròyìn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó gbà pé kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bíi tòun. Ìbéèrè kan ni mo ní fún gbogbo ayé: "Kí ló ṣojú yín gan-an?" Mi ò fẹ́ gbọ́ "wọ́n ní", mi ò sì fẹ́ gbọ́ "ó dà bíi pé". Mo ń bi àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù nínú àgbàlá títí Màmá fi sọ mí lórúkọ. "Kílóṣojúyín, wá bá mi gbé omi yìí." Inú mi ń dùn sí orúkọ náà. Mo rò pé oríkì ni.

Aṣọ ni Màmá ń tà lọ́jà. Sókótó ni ọkọ rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ín, obìnrin Hausa tó ń gbé lódì kejì ògiri wa, tí a ń pè ní Hajiya, gbé adìẹ kan wá fún un. Ó ní ilé tí ènìyàn kan ti jáde, ó yẹ kí nǹkan abẹ̀mí kan wọ ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni abọ́ oúnjẹ ti ń gba orí ògiri kọjá láàárín àwọn méjèèjì, tí abọ́ kan kì í sì í padà lófo. Agbébọ̀ tó pa àwọn òròmọdìẹ mẹ́sàn-án yẹn, ọmọ-ọmọ adìẹ ọjọ́ náà ni. Ó ti sàba fún bí ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí ọmọ Màmá bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Èmi ń lọ wẹ ọmọ tuntun," ni Màmá wí, ó ti gbé báàgì lé kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé e dé gáréèjì. "Ìwọ bá mi wo abiyamọ tèmi. Ọmọrí ike ni kí o máa bu omi sí, kí wọ́n má baà rì. Jéró ni kí o fún wọn, kí o kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé. Má bò wọ́n mọ́lẹ̀ níta o. Oòrùn ibí kì í ṣe oòrùn ilé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Kí lẹ rò pé ó le nínú ọ̀rọ̀ adìẹ?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kílóṣojúyín."

Adìẹ náà pamọ, mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ẹyin kankan tó bàjẹ́. Hajiya ló wá pa wọ́n láró pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí ẹnìkan kì í fi òròmọdìẹ pupa rúsúrúsú sílẹ̀ níbi tí àwòdì pọ̀ tó báyìí. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rì wọ́n sínú omi aláwọ̀ àlùkò, ó ń bá wọn wí ní èdè Hausa bí ẹni ń wẹ ọmọ: "Haba, dákẹ́, ṣé èmi ni mo ní kí o wá sáyé ni?" Ológbò rẹ̀, arúgbó aláwọ̀ eérú kan tó ní etí kan àbọ̀, jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń tòògbé. Òròmọdìẹ kan tilẹ̀ gun ìrù rẹ̀. Kò lajú.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ọ̀gá mi fóònù pé kí n máa bọ̀ ní Gawon Nama, pé àwọn onísọ́ọ̀bù ń jà nítorí gọ́tà tí ẹnìkan dí pa. Ọ̀rẹ́ mi kan láti ọ́fíìsì sì fẹ́ wá kí mi nírọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ kó gbóòórùn adìẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kó ìyá àtọmọ jáde sí abẹ́ dóńgóyárò, mo da agbọ̀n bò wọ́n. Àwòdì kan ń yí lókè. Mo gbé àjákù páànù lé orí agbọ̀n, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́, mo sì fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibòòji náà tutù dáadáa nígbà tí mo kúrò. Wákàtí kan ni mo pè é.

Ẹjọ́ gọ́tà dùn. Ọkùnrin kan ní, "Ojú mi báyìí ló ṣe, ṣọ́bìrì ló gbé wá." Obìnrin kan ní, "Irọ́ ni, ìwọ wà ní mọ́sálááṣí nígbà náà!" Mo ń kọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Nígbà tí mo fi máa wọ kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n ti ń pe ìrun Ásárì.

Ibòòji ti lọ. Ó ti rìn láti ìdí agbọ̀n dé ẹsẹ̀ ògiri, èmi tí mo ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ló ṣojú wọn, kò wá sí mi lọ́kàn pé ibòòji ń rìn. Páànù náà jó mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí agbọ̀n, agbébọ̀ náà wà ní ìdúró, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó yanu, kò sì ké. Mẹ́rin wà lábẹ́ apá rẹ̀, wọ́n ń mí. Márùn-ún tí apá rẹ̀ kò ká ti kú. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyẹ́ kò bo nǹkan kan.

Mo bu omi fún àwọn tó kù, mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, mo sin àwọn márùn-ún, mo fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀. Mo fóònù ọ̀rẹ́ mi pé kó má wá mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù sí ẹnu agbọ̀n bí mo ṣe máa ń ṣe. Màmá tẹ́tí sí wọn. "Ohùn wọn ti dín," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mi ò ronú rárá. Ológbò náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. "Ológbò Hajiya ni, Màmá. Ó kó márùn-ún."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

Kò tó wákàtí méjì tí Hajiya fi wọlé. Màmá ti fóònù rẹ̀. Hajiya bẹ̀ mí, èmi tí mo tó ọmọ rẹ̀: "Dákun, fi sùúrù gbà á." Ó kó òròmọdìẹ márùn-ún tirẹ̀ sínú ìbòrí rẹ̀, ó ti pa wọ́n láró kí wọ́n lè jọ tiwa. Ó rọra kó wọn sí abẹ́ agbébọ̀. Adìẹ náà wo àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. "Ó mọ tirẹ̀," ni Hajiya wí, ó sì kó wọn padà sínú ìbòrí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní òun máa gbé ológbò náà lọ fún àbúrò òun ní Kofar Marke, kó má baà tún fa ìtìjú míì. Ológbò kò fẹ́ wọ àpò. Èmi ni mo bá a di ẹnu àpò náà mú. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Màmá dé. Ó ní kí n kó àwọn ọmọ òun wá kí òun rí wọn. Mo gbé agbọ̀n. Bí agbébọ̀ ṣe rí agbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó figbe ta, ó kó ọmọ mẹ́rin rẹ̀ sá sábẹ́ àga. Màmá wo adìẹ, ó wo agbọ̀n, ó wo páànù tó ṣì wà lábẹ́ dóńgóyárò.

"Inú agbọ̀n yìí ni adìẹ yìí dàgbà sí," ló wí. "Ológbò ló kó ọmọ rẹ̀, agbọ̀n ló ń sá fún?" Ó jókòó. "Kílóṣojúyín. Kí ló ṣojú ẹ gan-an?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo fọ̀ nítorí àlejò. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. "Ẹnu mi yìí ni mo fi bá Hajiya sọ ọ́," ló wí. "Irọ́ rẹ, o gbé e sí mi lẹ́nu." Ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Hajiya, mo fi Hausa mi tó ń ta kókó sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Wallahi, ó ti pé ọdún méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ológbò yẹn ti ń dùn ún. Kò lè lé eku."

"Ẹ wá mọ̀, Hajiya? Kí ló dé tí ẹ fi gbé e lọ?" ni mo bi í.

Ó nawọ́ sí Màmá. "Òun ló sọ fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò parọ́ fún mi rí. Ta ni kí n gbà gbọ́, òun ni àbí ojú mi?"

Màmá bú sẹ́kún. Èmi sì ń wo ilẹ̀.

Mo lọ sí Kofar Marke láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àbúrò Hajiya ní ológbò náà kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun tó fi jáde. Mo ń bi àwọn ará àdúgbò bóyá wọ́n rí ológbò eérú kan tó ní etí kan àbọ̀. Ẹnìkan rí i nídìí odi ìlú. Ẹnìkan ní dúdú ni èyí tí òun rí. Ẹlẹ́ran kan ń gé ẹran lọ, ó ní, "Alágbà, ṣé ológbò ló jẹ yín ní gbèsè ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mi ò rí i.

Abọ́ tún ń gba orí ògiri kọjá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àwọn méjèèjì kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí mọ́ títí tí ọ́fíìsì fi gbé mi kúrò ní Sókótó. Màmá ṣáà dẹ́kun pípè mí ní Kílóṣojúyín. Orúkọ tí ìyá mi sọ mí ló ń pè mí, jẹ́jẹ́. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ṣì ń béèrè ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi ẹnìkan pé kí ló ṣojú ẹ̀, tó wá wo ilẹ̀ kó tó dáhùn, mi ò kì í tètè fi ìbéèrè kejì lé e. Mo máa ń fún un láyè díẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kó máa wò níbẹ̀: iyanrìn lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.